Owó Pamọ́ àti Owó Àìsàn ní Ìlú Ọba

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba tí àìsàn wá dá dúró sábà máa ń gba ìmọ̀ràn méjì tó ta ko ara wọn. Ọ̀rẹ́ kan á ní kó lọ gba owó ìjọba, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣebí láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń san owó orí. Ẹlòmíràn á ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, pé níwọ̀n ìgbà tó bá ti ní owó ní báńkì, wọn ò ní fún un ní kọ́bọ̀. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Owó tí oníkálukú wọn ní lọ́kàn ni kò jọra, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà.

Owó tí ìjọba ń fún aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ kò pé wà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tó wá gbà á ni kéèyàn fi dá wọn mọ̀. Ọ̀kan ń béèrè pé, kí ló ń ṣe ọ́? Èkejì ń béèrè pé, kí lo ti san sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ ṣì le? Ẹ̀kẹta ló ń béèrè pé, èló ló wà lọ́wọ́ rẹ? Ẹni tó wà lábẹ́ ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ lè ní £100,000 ní báńkì kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè rẹ̀. Ọjọ́ tó bá bọ́ sábẹ́ ìkẹta ni owó yẹn máa dọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn tó ń ṣe é lánàá náà ló ń ṣe é lónìí.

PIP ni ti ìbéèrè àkọ́kọ́. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti fi rọ́pò owó àìlera àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní DLA fún àwọn àgbàlagbà tí kò tíì tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ní Scotland, Adult Disability Payment ló wà nípò rẹ̀ báyìí. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí àìlera náà ṣe ń ni èèyàn lára: ṣé ó lè dá oúnjẹ sè, ṣé ó lè dá wẹ̀, báwo ló ṣe lè rìn jìnnà tó kó tó dúró. Àìlera náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa retí pé yóò tún wà fún oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gbà á, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lè gbà á, olówó pàápàá lè gbà á. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, apá ti ìgbésí ayé ojoojúmọ́ jẹ́ £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀, apá ti rírìn àti jíjáde sì jẹ́ £29.20 tàbí £77.05, bí ìṣòro náà bá ṣe le tó.

New Style ESA ni ti ìbéèrè kejì. Owó National Insurance tí wọ́n ti ń yọ lára owó oṣù èèyàn ló ń fúnni lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọdún owó orí méjì tó parí kó tó di pé àìsàn dé ni wọ́n sì sábà máa ń wò. Kò kan owó pamọ́, kò sì kan owó tí ọkọ tàbí aya ń gbà níbi iṣẹ́. Nítorí pé ohun tí èèyàn ti san sílẹ̀ ni, kò sí lára owó ìlú tí físà ń ka léèwọ̀. Èyí kan àwọn ọmọ wa tó wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé wọn gbàgàdà pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìlú. PIP kò tọ́ sí wọn, Universal Credit kò tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n bí National Insurance wọn bá pé, wọ́n lè gba New Style ESA. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ̀rù kì í jẹ́ kó béèrè.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé owó yìí ní òpin fún àwọn kan. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀nà méjì ni ìjọba ń pín àwọn aláìsàn sí. Àwọn tí wọ́n gbà pé àìsàn wọn le débi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu máa ń bọ́ sínú Support Group. Owó wọn á di £140.55 lọ́sẹ̀ ní iye ti ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, kò sì ní ọjọ́ tí yóò tán níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n rò pé wọ́n lè máa múra sílẹ̀ de iṣẹ́ á wà lórí £92.05 ní iye ti ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 365 péré ni wọ́n sì fún wọn. Bí ọjọ́ náà bá pé, owó dúró, bí ara yá o, bí kò yá o.

Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n máa ń ní kó lọ béèrè fún Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní Ashton-under-Lyne ní oṣù kẹrin ọdún 2013, tí wọ́n sì fi rọ́pò oríṣi mẹ́fà àtijọ́. Inú rẹ̀ ni owó ilé wà, inú rẹ̀ ni owó ọmọ wà, inú rẹ̀ náà ni àfikún fún aláìsàn wà. Òun ló ń béèrè pé èló lo ní.

Bí owó pamọ́ bá ju £16,000 lọ, kò sí Universal Credit. Bó bá jẹ́ £6,000 tàbí kó dín, wọn ò ní kà á sí. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń ṣírò lé lórí: gbogbo £250 tó bá wà lókè £6,000, àti ìyókù tí kò pé £250, ni wọ́n máa kà bí ẹni pé ó ń mú £4.35 wọlé lóṣooṣù. Wọ́n á wá yọ ìyẹn kúrò nínú owó tó yẹ kí wọ́n san. Wọn ò ní wo èlé tí báńkì san ní tòótọ́.

£4.35 dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan: £52.20 lórí £250. Ìyẹn lé ní ogún lórí ọgọ́rùn-ún. Èmi ò mọ báńkì tó ń san irú èlé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kówó pamọ́ sí London, òfin náà kò sì díbọ́n pé ó wà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kéèyàn máa bù lára owó rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé £6,000. Bí wọ́n bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún aráàlú, yóò yé e kíá, àmọ́ wọ́n pè é ní owó tó ń wọlé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006 ni wọ́n ti gbé ààlà £6,000 àti £16,000 kalẹ̀ fún àwọn owó ìrànwọ́ tó ṣáájú Universal Credit, Universal Credit sì jogún wọn bẹ́ẹ̀. Owó ilé ti gòkè láti ìgbà náà, owó oúnjẹ ti gòkè, owó iná ti gòkè. Ààlà méjèèjì kò mira.

Ká mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní gúúsù London, tó ti ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, tó ń dá gbé, tó sì ń san £650 fún ilé lóṣù. Ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ níbi tó ti ń gbé arúgbó kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé iṣẹ́ san owó àìsàn tí òfin là kalẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ 28, lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí New Style ESA. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, £24,000 ló ní ní báńkì, ẹnikẹ́ni kò sì bi í nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n £92.05 lọ́sẹ̀ kò lè san owó ilé kó tún ra oúnjẹ. Kò sì lè gba owó ilé lọ́wọ́ ìjọba, nítorí pé inú Universal Credit ló wà, £24,000 sì ti lé e kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, owó pamọ́ náà ló ń bù jẹ. Nígbà tí ọjọ́ 365 fi máa pé, ó ku £16,400.

ESA dúró lọ́jọ́ Ajé. Bó bá lọ béèrè fún Universal Credit lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á kọ̀ fún un nítorí £400. Bó bá ti ń gba PIP, ìyẹn nìkan ni yóò máa wọlé. Lẹ́yìn tó bá san owó ilé oṣù yẹn, owó rẹ̀ á di £15,750, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kó béèrè. £9,750 ló fi lé lórí £6,000, ìyẹn £250 lọ́nà mọ́kàndínlógójì, ohun tí wọ́n máa yọ sì jẹ́ £169.65. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, iye tó yẹ kó gbà ni £400.14 fún ara rẹ̀ àti £650 fún ilé. Wọ́n á yọ £169.65, á ku £880.49. Bí owó pamọ́ náà bá wá sọ̀ kalẹ̀ dé £11,000, £87 ni wọ́n á máa yọ. Bó bá dé £6,000, wọn ò ní yọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé PIP kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú Universal Credit. ESA yàtọ̀ sí i: bí èèyàn bá ń gba New Style ESA àti Universal Credit pọ̀, gbogbo ESA náà ni wọ́n á yọ kúrò, pọ́n-ùn kan fún pọ́n-ùn kan. Ṣùgbọ́n PIP tí èèyàn kò ná, tó ń kó jọ oṣù dé oṣù bóyá láti fi ra kẹ̀kẹ́ arọ tó dára, máa ń di owó pamọ́ nígbẹ̀yìn, wọ́n á sì kà á mọ́ ìyókù. Bó bá jẹ́ pé PIP pẹ́ kó tó jáde, tí wọ́n wá san gbèsè oṣù tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òfin fún onítọ̀hún ní oṣù 12 tí wọn ò ní ka gbèsè náà mọ́ owó rẹ̀. Ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọlé fún, kó tọ́jú lẹ́tà tó bá a wá, kó má sì pa á pọ̀ mọ́ owó mìíràn bó bá lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀ tí èèyàn kì í sábà rò. Àfikún tí Universal Credit ń fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ rárá jẹ́ £423.27 lóṣù ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 sọ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2026, ẹni tuntun tó bá wọlé, £217.26 ni yóò máa gbà, àfi bí àìsàn rẹ̀ bá wà lára àwọn tó le jù tàbí tó jẹ́ pé ikú ti sún mọ́lé. Àwọn tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀ wà lórí iye ńlá. Wàyí o, àwọn méjì tí àìsàn kan náà kọ lù lọ́dún kan náà lè máa gba iye tó yàtọ̀ síra títí lọ, nítorí pé ọ̀kan kò ní owó pamọ́, ó wọlé ní kíá, tí èkejì ní £20,000, tó sì ní láti jẹ ẹ́ wálẹ̀ dé £16,000 kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Kí ni wọ́n ń pè ní owó pamọ́? Owó ọwọ́ wà níbẹ̀, àkáǹtì gbogbo, ISA, Premium Bonds, ìpín nínú ilé iṣẹ́, àti ilé tàbí ilẹ̀ tí èèyàn kò gbé inú rẹ̀. Ilé tí èèyàn ń gbé kò sí níbẹ̀, mọ́tò rẹ̀ kò sí níbẹ̀, aṣọ àti ohun èlò ilé kò sí níbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì tí kò tíì tó àkókò láti gbà kò sí níbẹ̀. Owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í di owó pamọ́ títí oṣù tó wà fún yóò fi tán. Owó gbà-má-bínú tí ìjọba ń san fún àwọn tí wọ́n fi àṣìṣe kà sí ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú nínú ọ̀rọ̀ Windrush náà kò sí níbẹ̀.

Èsúsú wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní London ló ń dá a, ìwé òfin kò sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn mẹ́wàá ń dá £200 lóṣù, tí oníkálukú ń kó £2,000 nígbà tó bá kàn án. Ọ̀kan nínú wọn ń gba Universal Credit, ó ní £5,000 ní báńkì, òun ló sì kọ́kọ́ kó. Owó rẹ̀ di £7,000. Ó mọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì mọ̀, pé ó ṣì máa dá £1,800 padà fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n òfin kì í yọ gbèsè lásán kúrò nínú owó tó wà lọ́wọ́ ẹni, àfi gbèsè tí a fi ohun ìní náà gan-an dúró fún. Wọ́n lè ka £1,000 tó lé náà, kí wọ́n sì yọ £17.40 lóṣù. Ibi tí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni pé sísan gbèsè kò burú lójú òfin yìí. £200 tó ń dá lóṣooṣù lẹ́yìn tó ti kó, gbèsè ló ń san, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní ó ń gbé owó pamọ́ sá.

Olórí èsúsú ló tún wà nínú ewu jù. Àkáǹtì rẹ̀ ni owó gbogbo wọn ń gbà kọjá. Owó tí èèyàn di mú fún ẹlòmíràn kì í ṣe tirẹ̀ lójú òfin, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa fi ẹ̀rí hàn. Bí ìjọba bá yan èèyàn fún àyẹ̀wò Universal Credit, wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé báńkì oṣù mẹ́rin. Ìyàwó ilé tó rọra ń ṣe olórí èsúsú á wá rí i tí wọ́n fi lẹ́tà bi í pé, kí ni £200 lọ́nà mẹ́sàn-án tó wọlé lọ́jọ́ kan náà yìí? Bó bá ní ìwé kékeré tó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí, tí ọ̀rọ̀ inú WhatsApp wọn sì bá ìwé náà mu, ó ti ní ohun tó máa fi hàn wọ́n. Èyí tó dára jù ni kó ní àkáǹtì kan lọ́tọ̀ fún èsúsú nìkan. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ará ilé fi ń ṣe nǹkan wọn láìkọ ọ́ sílẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé báńkì lọ́fíìsì kò mọ̀ wọ́n rí.

Ilé ńlá tí a kọ́ sílé ńkọ́? Bó bá jẹ́ ní Ìbàdàn, bó bá jẹ́ ní Ìkòròdú, wọ́n ń kà á. Iye tí wọ́n lè tà á níbẹ̀ ni wọ́n máa wò, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá bí títà á yóò bá gba ìnáwó, wọ́n á sì yọ gbèsè tí wọ́n bá fi ilé náà dúró fún. Bí náírà ṣe ń já wálẹ̀ ti sọ àwọn ilé kan di ohun tí kò tó £16,000 mọ́, nítorí náà iye tó yẹ kéèyàn sọ ni iye ti òní, kó ní ìwé àwọn tó mọ iye ilé lọ́wọ́, kó má fi iye tó ná an ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kọ ọ́. Ẹni tó bá ti ń gbìyànjú láti tà á, oṣù mẹ́fà ló ní tí wọn ò ní ka iye rẹ̀, bó bá lè fi hàn pé òótọ́ ni òun ń tà á. Ilé tí òbí tàbí ọmọ ìyá ẹni ń gbé náà wà lára èyí tí wọn kì í kà, bí ẹni náà bá ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tàbí tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbára lé ìyẹn fún ilé tó wà ní Nàìjíríà, kó kọ́kọ́ bi àwọn onímọ̀ràn ní Citizens Advice.

Ilé ẹbí ló dá mi lójú pé ó ń da ojú ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Òfin sọ pé bí ohun ìní bá jẹ́ ti èèyàn púpọ̀, wọ́n á gbà pé ìpín wọn dọ́gba, àfi bí ẹ̀rí mìíràn bá wà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ méje lè rí i kí wọ́n ka ìdá kan nínú méje mọ́ ọn lọ́rùn. Àmọ́ nínú àṣà wa, ilé ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè gé apá tirẹ̀ tà. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí wọn ò bá sì fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa fi owó gidi rà á. Ẹ̀rí tí òfin ń béèrè nìyẹn. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, tí lọ́yà kan fi òǹtẹ̀ lù, lè wúlò ju àlàyé ẹnu lọ.

Nígbà tí èèyàn bá gbọ́ gbogbo èyí, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn ni pé kó kó owó náà lọ síbòmíràn. Kó fi ránṣẹ́ sí àbúrò nílé, kó fi sí orúkọ ọmọ, kó ra ilẹ̀. Òfin ti rò ó ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé torí kó lè gba Universal Credit ló ṣe gbé owó náà kúrò, wọ́n á ṣe bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù nínú ìwé tiwọn. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni wọ́n ń wá, ìyẹn ló sì mú kí ìnáwó òkú yàtọ̀ sí ẹ̀bùn. Ẹni tó ná £5,000 sí ìsìnkú ìyá rẹ̀, tó ra pósí, tó san owó mọ́ṣúárì, tó sì pa màlúù, kò ṣe é torí Universal Credit. Ọmọ tí kò bá ṣe é kò ní lè gbójú sókè láàárín ẹbí. Kó ṣáà tọ́jú rìsíìtì. Sísan gbèsè, àti ríra ohun tó bá ipò ẹni mu, ni òfin dá sílẹ̀ ní tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun kò ṣe ohun àrà. Èyí tí mi ò lè gbèjà ni £9,000 tó gbéra lọ sínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí èèyàn kún fọ́ọ̀mù. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2025 ti fún ìjọba lágbára láti ní kí báńkì tọ́ka sí àkáǹtì àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ bí owó inú rẹ̀ bá ti kọjá ààlà.

Ìgbéyàwó náà ń yí nǹkan padà. Ààlà £16,000 kan náà ni wọ́n fi ń wọn ẹnì kan àti tọkọtaya. Obìnrin aláìlera tó ń gba Universal Credit, tí kò ní ju £2,000 lọ, bó bá kó lọ bá ọkọ tó ní £15,000, ó tán. PIP rẹ̀ kò ní yẹ̀, New Style ESA rẹ̀ kò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé àti àfikún àìsàn lọ. Mo rò pé kò sí apá kankan nínú òfin yìí tó burú tó èyí, nítorí ó ń sọ aláìlera di ẹni tó gbọ́dọ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́.

Àwọn tó ti ń gba tax credits, tó wà lára àwọn owó ìrànwọ́ tí Universal Credit rọ́pò, rí ìyọ́nú díẹ̀. Tax credits kò ní ààlà owó pamọ́ rárá, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà kó wọn lọ sínú Universal Credit kí tax credits tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ní àwọn ò ní wo ohun tó bá lé lórí £16,000 fún oṣù 12. Ẹni tó kánjú lọ fúnra rẹ̀ kí lẹ́tà tó dé kò rí i gbà. Lẹ́yìn oṣù 12 náà, ààlà á padà bọ̀ sípò.

Ẹni tó bá tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì bọ́ sínú ayé mìíràn, ti Pension Credit. Pension Credit kì í wo £10,000 àkọ́kọ́, £1 lọ́sẹ̀ ló ń yọ fún gbogbo £500 tó lé, kò sì ní ààlà lókè. Bàbá tó ní £20,000 tí Universal Credit lé dànù kó tó tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì lè gba Pension Credit nígbà tó bá tó o, £20 péré ni wọ́n á sì kà sí i lọ́rùn lọ́sẹ̀. Bó bá ní ìyàwó tí kò tíì tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, àwọn tó bá béèrè láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2019 gbọ́dọ̀ wà lórí Universal Credit títí ìyàwó náà yóò fi tó o.

Àwọn ará wa ní Houston àti Maryland ní Amẹ́ríkà mọ irú òfin báyìí, tiwọn sì le ju èyí lọ. SSDI ni ti ẹni tó ti san owó sílẹ̀, kò wo owó pamọ́, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń dúró dè é. SSI ló lè gba èèyàn sílẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún yẹn, àmọ́ ẹni tó bá ní ju $2,000 lọ, tàbí tọkọtaya tó ní ju $3,000 lọ, kò lè gbà á. Láti 1989 ni iye náà ti wà bẹ́ẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn tí wọ́n á máa fi sọ̀ kalẹ̀: dọ́là kan ṣoṣo tó bá lé, kò sí SSI lóṣù yẹn. Ohun tó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni àkáǹtì ABLE, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2014, níbi tí aláìlera lè kó owó sí tí SSI kò ní ka dọ́là kankan nínú rẹ̀ títí yóò fi kọjá $100,000. Àwọn tí àìlera wọn bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 26 nìkan ló wà fún tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n ti gbé e dé ọdún 46. Ìlú Ọba kò ní irú rẹ̀.

Fún obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ yẹn, ọjọ́ tó béèrè ló máa pinnu púpọ̀. Universal Credit kì í sábà padà sẹ́yìn san ohun tí èèyàn kò béèrè, àfi fún oṣù kan àti fún ìdí díẹ̀. Owó àkọ́kọ́ sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó wọlé. Nítorí náà, kó máa wo ìwé báńkì rẹ̀, kó má dúró de òpin oṣù, kó kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí owó náà bá ti sọ̀ dé £16,000. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un, tàbí tí wọ́n ka èsúsú tàbí ilé ẹbí mọ́ owó rẹ̀, oṣù kan ló ní láti ní kí wọ́n tún un wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, oṣù kan mìíràn ló ní láti gbé ẹjọ́ lọ sí ìgbìmọ̀ ìdájọ́, kò sì ní san kọ́bọ̀ láti gbé e lọ síbẹ̀.